Pinotage, asun àti iyán: ta ló mọ wáìnì pupa yìí?

Àbíkẹ́_Ìkọ̀lé:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́. Màmá wa máa pé ọmọ ọdún 70 nínú oṣù tó ń bọ̀, n'Íkọ̀lé nílé wa gan-an la ti fẹ́ ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Cape Town ló ní òun máa gbé wáìnì pupa bọ̀ láti ọ̀hún, Pinotage lorúkọ ẹ̀, ó ní ká má wulẹ̀ ra wáìnì kankan. Mi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n èmi ni mo wà nídìí oúnjẹ, mo sì fẹ́ mọ ohun tí mo fẹ́ gbé síwájú àlejò kí wọ́n tó dé. Iyán la máa fún wọn, ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹran ọ̀yà, ẹ̀fọ́ rírò, asun á wà, àwọn kan á sì fẹ́ ìrẹsì àti ẹja títù. Ṣé wáìnì yẹn dùn? Ṣé ó máa bá oúnjẹ wa lọ? Àbí kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó fi owó yẹn ṣe nǹkan míì? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ ṣàlàyé fún mi dáadáa, kó má kàn sọ pé ó dáa.

Bọ̀dá_Ọlọ́tí:
Àbíkẹ́, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, Ọlọ́run á jẹ́ kí màmá tún ṣe púpọ̀ sí i láyé. Ọtí ni mò ń tà l'Ádó, wáìnì ló sì wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹ má dá ẹ̀gbọ́n yín dúró rárá. Nínú gbogbo wáìnì pupa tí mo ti tọ́ wò, mi ò tíì rí èyí tó bá ẹran tí iná rà lára mu tó Pinotage, asun gan-an ni oúnjẹ ẹ̀.

South Africa ni wọ́n ti dá irú àjàrà yẹn sílẹ̀, wọn ò kó o wá láti Faransé bí wọ́n ṣe kó ọ̀pọ̀ àjàrà yòókù wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì Stellenbosch tó ń jẹ́ Abraham Perold ló mú oríṣi àjàrà méjì ní 1925, Pinot Noir àti Cinsault, ó mú òdòdó ọ̀kan gba ti èkejì, kóró mẹ́rin ló rí níbẹ̀. Pinot Noir yẹn, adùn ẹ̀ ò lẹ́gbẹ́ àmọ́ àjàrà tó máa ń dààmú àgbẹ̀ ni, Cinsault ní tiẹ̀ ò bẹ̀rù oòrùn, ó sì ń so dáadáa, ó jọ pé ìdí tó fi dà wọ́n pọ̀ nìyẹn. Ó gbin kóró mẹ́rin náà sínú ọgbà ilé tó ń gbé, nígbà tó yá ó kúrò ní yunifásítì lọ bá ilé iṣẹ́ wáìnì KWV ní ìlú Paarl, igbó sì bo ọgbà. Àwọn òṣìṣẹ́ ti dé láti wá ro ibẹ̀ nígbà tí olùkọ́ ọ̀dọ́ kan, Charlie Niehaus, gun kẹ̀kẹ́ kọjá, òun ló rántí pé àjàrà Perold wà níbẹ̀, ló bá yọ wọ́n kúrò lẹ́nu àdá. Ká ní ó gba ọ̀nà míì lọ́jọ́ yẹn, ó ti parí nìyẹn. Ní 1941 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe wáìnì, ní 1959 èyí tó wá láti oko Bellevue gbégbá orókè níbi ìdíje wáìnì tuntun ti Cape, ní 1961 ni orúkọ Pinotage kọ́kọ́ jáde lára ìgò, ìgò ilé wáìnì Lanzerac ni.

Àbíkẹ́_Ìkọ̀lé:
Háà, ìtàn gidi. Ẹ ṣé bọ̀dá. Àmọ́ ẹ ò tíì sọ bóyá ó dùn.

Bọ̀dá_Ọlọ́tí:
Kò ní ṣúgà. Nígbà tí omi àjàrà bá ń ho, ìwúkàrà inú ẹ̀ ló ń jẹ ṣúgà, tó ń sọ ọ́ di ọtí, tí wọ́n bá sì jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán, wáìnì tí kò dùn ló kù, ọtí inú ẹ̀ á wà ní bíi 13 sí 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Tẹ́ ẹ bá mu ún, èso dúdú tó pọ́n dáadáa lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu, lẹ́yìn náà èéfín díẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ̀yìn ahọ́n yín á gbẹ, á fún pọ̀ bí ìgbà tẹ́ ẹ bá jẹ obì tí ẹ ò tíì mu omi sí i. Ohun tó ń fún ẹnu yẹn, ara èèpo àti kóró àjàrà ló ti wá, wáìnì funfun kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in nítorí wọ́n máa ń tètè yọ èèpo kúrò níbẹ̀. Òun gan-an ló jẹ́ kó bá ẹran mu. Ẹran àti ọ̀rá ló máa ń mú kó rọ̀ lẹ́nu, wáìnì náà á sì gbá ọ̀rá kúrò láhọ́n kí òkèlè tó kàn tó wọlé. Ẹni tó bá mu ún láìjẹ nǹkan kan lè sọ pé ó korò, ẹ má gbà á gbọ́ títí tá á fi jẹ ẹran sí i.

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kó wo ìgò dáadáa o, torí oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní kọfí Pinotage, oko Diemersfontein ní Wellington ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2001, igi óòkù (oak) tí wọ́n fi iná yan dáadáa ni wọ́n máa ń lò sí i títí tó fi máa ń ta sánsán bíi kọfí àti ṣokoléètì. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ dáa lójú tèmi pẹ̀lú ọbẹ̀ wa, òórùn kọfí àti òórùn irú á máa bá ara wọn jà nínú ẹnu kan ṣoṣo. Èyí tí kò pẹ́ nínú àgbá, tó ṣì kún fún èso, tí kò ju ọdún méjì mẹ́ta lọ, ìyẹn ni kó rà.

Tósìn_Adó:
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o bọ̀dá, àwọn èèyàn wa ò fẹ́ nǹkan tó ń fún ẹnu. Gbogbo òde tí mo ń lọ l'Ékìtì, Four Cousins ni wọ́n ń bèèrè, tí kò bá dùn tó wọ́n á da Coke tàbí mọ́ọ̀tì sí i. Tí Àbíkẹ́ bá gbé wáìnì kíkan síwájú àwọn màmá ìjọ, ńṣe ni wọ́n máa fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, owó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á sì ṣòfò.

Bọ̀dá_Ọlọ́tí:
Tósìn, òótọ́ lẹ sọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáìnì fìyà jẹ àwọn àgbà. Four Cousins náà South Africa ló ti wá, ilé Van Loveren ní Robertson ló ń ṣe é, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣúgà sílẹ̀ nínú ẹ̀ ni, kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Kí Àbíkẹ́ ra díẹ̀ nínú ìyẹn fún ẹni tó bá fẹ́ adùn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da Coke sí Pinotage. Àgbẹ̀ kan dúró ti igi yẹn látìgbà òtútù títí di ìgbà ìkórè, ó wo èso lójoojúmọ́ kó tó mọ ọjọ́ tó máa ká a, gbogbo iṣẹ́ yẹn ló máa bọ́ sábẹ́ Coke tẹ́nikẹ́ni ò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ Coke, ẹ fún un ní Coke.

Ìyá_Alásun:
Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin ọmọ mi. Asun ni mò ń ṣe l'Ádó ó ti pẹ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i torí ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé wáìnì bá asun mu, irú asun wo lẹ ní lọ́kàn? Torí èyí tí wọ́n ń bọ̀ tí wọ́n wá dín lórí òróró, ìyẹn kì í ṣe asun lọ́wọ́ tèmi. Asun gidi, òbúkọ ni, ẹ máa fi iná jó irun ẹ̀ kúrò, ẹ ò ní bó awọ, ẹ máa là á, ẹ fi iyọ̀ ra á, kó wá dùbúlẹ̀ lórí wáyà lókè èédú. Iná ò gbọdọ̀ máa jó lala, ẹ̀yinná pupa lẹ fẹ́. Ọ̀rá á máa kán sórí èédú, á máa dún ṣáá-ṣáá, èéfín ọ̀rá yẹn ló máa padà wá gun ara ẹran, awọ á máa pọ́n, á máa le létí létí, ẹ máa yí i, ẹ máa yí i, ẹ ò gbọdọ̀ kánjú. Ìgbà tó bá jinná dé egungun lẹ tó gé e wẹ́wẹ́, ẹ wá da ata rodo tẹ́ ẹ gún pẹ̀lú àlùbọ́sà sínú òróró díẹ̀, ẹ pò ó mọ́ ẹran náà, kí ata wọ inú awọ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ bèèrè ni pé àwọn oníbàárà mi kan máa ń gbé wáìnì pupa tiwọn wá, àwọn tó gbé èyí tó ti wà nínú mọ́tò látàárọ̀ ni wọ́n máa ń pariwo pé ata mi ti pọ̀ jù, àwọn tó mu èyí tó tutù á jẹ irú ẹran kan náà wọn ò ní sọ nǹkan kan. Kí ló fà á?

Bọ̀dá_Ọlọ́tí:
Ìyá, ẹ ṣé gan-an, ẹnu mi ti ń dá itọ́. Ohun tẹ́ ẹ rí yẹn òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ohun tó ń ta ni nínú ata kì í yòrò nínú omi, ọtí ló lè tú u, tí ọtí bá sì pọ̀ nínú wáìnì ńṣe ló máa ń tan iná ata yẹn káàkiri ẹnu, ooru sì ń ràn án lọ́wọ́. Wáìnì tó gbóná, ọtí ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gba imú yín, èso inú ẹ̀ á sá pamọ́. Bẹ́ ẹ bá mú un tutù díẹ̀, èso á padà jáde, ọtí á sinmi, òtútù náà á sì pẹ̀tù sí ata.

Àwọn òyìnbó ló kọ ọ́ pé kí wọ́n máa mu wáìnì pupa bó ṣe wà nínú yàrá, yàrá tiwọn ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe yàrá tiwa tí oòrùn ọ̀sán l'Ádó ń lu páánù ẹ̀. Bíi 15 tàbí 16 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló dáa fún Pinotage ọmọdé yìí. Tí iná bá wà, kó wọ fíríìjì fún bíi wákàtí méjì kẹ́ ẹ tó ṣí i. Tí kò bá sí iná, ẹ wá kúlà ńlá, ẹ da omi àti yìnyín sínú ẹ̀, ẹ ri ìgò sínú ẹ̀ títí dé ọrùn, omi yẹn ṣe pàtàkì o torí yìnyín nìkan kì í gbá ara ìgò dáadáa, láàárín ìṣẹ́jú 15 ó ti ṣe. Ẹ má fi yìnyín sínú kọ́ọ̀pù, á yọ́, á sọ wáìnì di omi ṣàlàlà.

Ìyá, fún ọjọ́ ìnáwó yẹn, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa sun ẹran, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ya apá kan sọ́tọ̀ tí ata ẹ̀ ò ní pọ̀. Ata tó pọ̀ jù máa ń bo wáìnì, kò sí wáìnì pupa kankan tó lè bá a jìjàkadì.

Ìyá_Alásun:
Mo ti gbọ́. Mo lè gún ata sọ́tọ̀ sínú abọ́ kékeré kí kálukú máa bù ú síra ẹran tiẹ̀. Ẹran tí mo bá sun, adùn ẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí ata tó dé.

Bàbá_Ẹlẹ́mu:
Èkìtì kete, ẹ kú ulé o. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, ó dáa. Àmọ́ n'Íkọ̀lé, tí màmá ẹni ọdún 70 bá ń ṣe ìnáwó, tí ẹmu ò sí níbẹ̀, ìnáwó yẹn kù díẹ̀. Iyán àti ẹmu ti jọ ń bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìgò wá láti Cape Town. Ẹmu òwúrọ̀ tí adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, tó ṣì ń ru, tó dùn díẹ̀ tó kan díẹ̀, òun ló ń ti òkèlè iyán lọ sísàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wáìnì lé e kúrò lórí tábìlì.

Bọ̀dá_Ọlọ́tí:
Bàbá, ẹ kú ulé o, mo dọ̀bálẹ̀. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ìwúkàrà tó ń jẹ ṣúgà inú omi ọ̀pẹ ló ń sọ ọ́ di ọtí, bó ṣe ń ṣe nínú omi àjàrà gan-an nìyẹn, ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹmu ò rọrùn láti dá dúró, ẹ gbé e láàárọ̀, ó dùn, nírọ̀lẹ́ ó ti le, lọ́jọ́ kejì ó ti ń lọ sọ́nà kíkan. Wáìnì ní tiẹ̀ wọ́n á sé e mọ́nú ìgò kí atẹ́gùn má bàa dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè rìn jìnnà. Iyán pẹ̀lú ẹ̀gúsí, ẹ fún ẹmu. Ọ̀yà àti asun, ẹ fún Pinotage. Ọ̀yà tó ti fara gba èéfín dáadáa, tí wọ́n wá sè sínú ọbẹ̀, ẹran ẹ̀ ní agbára, òórùn ìgbẹ́ ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, èéfín ẹran àti èéfín inú wáìnì á pàdé, ẹ máa rí i. Ẹ̀fọ́ rírò tó ní irú àti ẹja gbígbẹ, èmi á ṣì fi í fún ẹmu.

Dáre_Ọ̀yẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, èmi ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, mo ti ń ronú ẹ̀ tipẹ́. Ṣé a ò lè gbin Pinotage yìí l'Ékìtì ni? Òkè pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n àti Ìkọ̀lé lọ́ràá.

Bọ̀dá_Ọlọ́tí:
Dáre, ilẹ̀ kọ́ ni wàhálà ẹ̀, ojú ọjọ́ ni. Stellenbosch wà ní nǹkan bí 50 kìlómítà sí Cape Town, ó jìnnà sísàlẹ̀ agbedeméjì ayé, ní ìwọ̀n 34, wọ́n ní òtútù gidi láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ, ìgbà yẹn ni òjò wọn ń rọ̀, àjàrà á wọ́wé, á sùn. Nígbà tí oòrùn wọn bá dé, òjò á ti lọ, èso á máa pọ́n nínú gbẹrẹfu, atẹ́gùn líle kan á sì máa fẹ́ wá láti ojú òkun, á máa lé ìrì kúrò lára ewé. Pinotage máa ń tètè pọ́n, oṣù kejì ọdún ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń ká a. Àwọn igi tó dàgbà, wọn kì í fi wáyà gbé wọn ró, wọ́n máa ń dá dúró bí igi kúkúrú, ewé ló máa ń ṣíji bo èso.

L'Ékìtì níbí, ooru wà jálẹ̀ ọdún, òjò sì ń rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àjàrà ò ní rí ìgbà sùn, ewé ò sì ní gbẹ, àrùn olú á bò ó.

Dáre_Ọ̀yẹ́:
Mo gbọ́ ti olú yẹn, ìyẹn le lóòótọ́. Àmọ́ ti oorun yẹn ní ọ̀nà àbáyọ o bọ̀dá. Wọ́n ń gbin àjàrà wáìnì ní àfonífojì odò São Francisco ní Brazil, ooru ibẹ̀ pọ̀, wọ́n máa ń gé ẹ̀ka ẹ̀ kí wọ́n sì dín omi kù fún un kó lè dà bíi pé ó sinmi, wọ́n sì ń kórè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Gbígbẹ ilẹ̀ yẹn ló ràn wọ́n lọ́wọ́, omi odò ni wọ́n ń fà sí i. Apá òkè Nàìjíríà tí òjò ò ti pọ̀ ló lè bá irú ẹ̀ mu, tiwa ò jọ ọ́. Kí a gbájú mọ́ kòkó àti iṣu wa.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó:
Ẹ jẹ́ kí n fi kinní kan kún un kíákíá. Mo máa ń gbọ́ kí àwọn èèyàn sọ pé wáìnì pupa ń fún ni lẹ́jẹ̀, wọ́n á ra á fún aláboyún. Ẹ jọ̀ọ́, kò fún ẹnikẹ́ni lẹ́jẹ̀, aláboyún ò gbọdọ̀ mu ún rárá. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ọ́ ní 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè sọ pé kò léwu fún ara. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó máa wa mọ́tò padà sí Adó lálẹ́ mu zobo. Àwọn àgbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ṣúgà, kí wọ́n bi dókítà wọn kó tó di ọjọ́ yẹn.

Àbíkẹ́_Ìkọ̀lé:
Ẹ ṣé nọ́ọ̀sì, mo ti kọ zobo sílẹ̀. Ó ku ìbéèrè méjì. Ìrẹsì àti ẹja títù ń kọ́? Ìgò mélòó ló sì yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi gbé? Àwọn tó máa mu wáìnì ò ní ju bíi 40 lọ.

Bọ̀dá_Ọlọ́tí:
Ẹja títù, ẹ má jẹ́ kí Pinotage sún mọ́ ọn. Èròjà irin (iron) díẹ̀ máa ń wà nínú wáìnì pupa, tó bá pàdé òróró ẹja bíi títù, ẹnu á kàn máa rí bíi pé èèyàn lá irin, ẹja á sì máa rùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá jẹ ẹja, ẹ fún un lẹ́mu, tàbí bíà tó tutù, tàbí zobo nọ́ọ̀sì.

Ti ìgò, mílílítà 750 ló wà nínú ọ̀kan, kọ́ọ̀pù márùn-ún ló máa jáde níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń bu 150. Èèyàn 40, ká ní kálukú mu kọ́ọ̀pù kan àbọ̀, ìgò 12 ti tó, torí ẹmu náà wà níbẹ̀. Kó wo ara ìgò kó rí i pé wọ́n kọ Pinotage síbẹ̀ gedegbe, òfin South Africa ni pé bí orúkọ àjàrà kan bá wà lára ìgò, ìpín 85 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán gbọ́dọ̀ jẹ́ àjàrà yẹn. Tí wọ́n bá kọ Cape Blend, wọ́n ti pò ó pọ̀ mọ́ àjàrà míì nìyẹn, kò burú, àmọ́ kì í ṣe ohun tá à ń wá. Tó bá rí ti Stellenbosch, Paarl tàbí Swartland, kó mú un. Wáìnì oko Kanonkop lókìkí gan-an, wáìnì àgbà ni àmọ́, ó wọ́n, ó máa ń fẹ́ kí èèyàn tọ́jú ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kó gbé ọ̀kan péré wá fún màmá nìkan kí wọ́n ṣí i ní ọdún 75 wọn. Ẹ fi ìgò náà dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn níbi tí kò gbóná, ẹ má gbé e sókè fíríìjì tó ń gbọ̀n, tó sì ń gbóná lẹ́yìn.

Tósìn_Adó:
Bọ̀dá, èmi á wá síbi ìnáwó yẹn, màá mu ún láìda nǹkan kan sí i, pẹ̀lú asun ìyá. Tí mo bá fẹ́ràn ẹ̀ màá sọ, tí mi ò bá fẹ́ràn ẹ̀ màá sọ náà.

Bọ̀dá_Ọlọ́tí:
Mo fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ ẹran lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó mu.

Bàbá_Ẹlẹ́mu:
Àbíkẹ́, mo ní adẹ́mu kan tó ń gun ọ̀pẹ lọ́nà Ìpaò, ẹni tó mọ́ ni, kì í da omi sí i. Màá bá ọ bá a sọ̀rọ̀ kó gbé e wá ní kùtù ọjọ́ yẹn.

Àbíkẹ́_Ìkọ̀lé:
Ẹ ṣé gan-an bàbá, ẹ ṣé gbogbo yín. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi ní ìsinsìnyí, mo ní kó gbé ìgò 12 tí kì í ṣe ti kọfí, àti Kanonkop kan fún màmá, ó ní òun mọ oko kan ní Stellenbosch tí wọ́n ń tà á lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Alásun, mo máa pè yín lọ́la lórí òbúkọ, méjì la fẹ́ sun. Bọ̀dá, tí wáìnì bá kù nínú ìgò lẹ́yìn ìnáwó ń kọ́?

Bọ̀dá_Ọlọ́tí:
Ẹ dé e padà, ẹ gbé e sí fíríìjì, á ṣì dáa fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ẹ dà á sínú ọbẹ̀ ẹran nígbà tẹ́ ẹ bá ń dín ata, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó da omi ẹran sí i.